Jásímìn nílé: ká gbin hóró ni, ká gé ẹ̀ka ni, àbí ká kúkú ra èyí tó ti hù?

Gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ òórùn jásímìn lára ògiri ilé kan lálẹ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń bá wá: "Ibo ni mo ti lè rí hóró ẹ̀ rà?" Èmi náà á ní, hóró jásímìn wo? Torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Jásímìn tó wà láyé tó nǹkan bíi 200 oríṣi, ọ̀kan ń so hóró yàlàyàlà, ọ̀kan ò ní so títí ẹ óò fi gbàgbé pé ẹ gbìn ín, òmíì sì wà tí wọ́n kàn ń fi orúkọ jásímìn tà á ni, kò bá jásímìn tan rárá, májèlé ló wà nínú èso ẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ èyí tó fẹ́, kò ní pẹ́ mọ̀ bóyá hóró ló kàn án àbí ẹ̀ka. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wò, èyí tí mi ò fẹ́ràn, màá sọ pé mi ò fẹ́ràn ẹ̀.

Jásímìn wo lẹ ní lọ́kàn?

Èyí tẹ́ẹ máa rí jù nílé àwọn èèyàn ni sambac. Ewé ẹ̀ ń dán, ó fẹ̀ díẹ̀, méjì-méjì ni wọ́n máa ń kọjú síra lára ẹ̀ka. Òdòdó ẹ̀ funfun, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń là, kílẹ̀ tó mọ́ òórùn ẹ̀ á ti gba gbogbo àgbàlá, tó bá ti lo bí ọjọ́ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n fẹ́ẹ́, ó di kó já bọ́. Òun làwọn ará Ṣáínà fi ń fún tíì wọn lóòórùn, òun náà ni orílẹ̀-èdè Philippines mú ní òdòdó ìlú wọn láti 1934. Sambac náà ju ọ̀kan lọ o: èyí tí òdòdó ẹ̀ ṣí pẹrẹsẹ, ìpele kan ṣoṣo, ni wọ́n ń pè ní Maid of Orleans, èyí tó ṣù rúgúdú, ìpele lórí ìpele, ni Grand Duke of Tuscany. Èyí tó ṣù yẹn rẹwà gan-an, àmọ́ ó lọ́ra láti dàgbà, ẹ̀ka ẹ̀ tẹ́ẹ bá gé sì máa ń ṣagídí.

Ohun táwọn ọlọ́jà ò ní sọ fún yín ni pé sambac kì í sábà so èso nílé. Ó máa tanná, á tún tanná, kò ní yọrí sí hóró. Torí náà tẹ́ẹ bá rí ẹni tó ń ta hóró sambac lórí Facebook tàbí WhatsApp, ọgọ́rùn-ún hóró nínú sàṣẹ̀ (ọ̀rá) kékeré, pẹ̀lú fọ́tò òdòdó aláwọ̀ búlúù (jásímìn gidi aláwọ̀ búlúù ò sí o), ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kówó yín wà lápò. Tó bá tiẹ̀ hù, nǹkan míì ló máa hù. Sambac, ẹ̀ka ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ẹni tó bá wá fi dandan lé e pé hóró lòun fẹ́ gbìn, kó wo jásímìn inú igbó tiwa. Jasminum dichotomum lorúkọ tí wọ́n ń pè é nínú ìwé, ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ló ti ṣẹ̀ wá. Ìtàkùn ni, ó máa ń fà lọ sókè igi, ọmọ òdòdó ẹ̀ tí ò tíì là máa ń pọ́n lẹ́yìn, tó bá là tán inú ẹ̀ á funfun, alẹ́ ló sì ń ta sánsán. Èso ẹ̀ dúdú, ó ń dán, ẹyẹ fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ fẹ́ mọ bí hóró ẹ̀ ṣe ń hù tó? Wọ́n gbé e dé Florida ní Amẹ́ríkà pé kó máa ṣe ilé lẹ́wà, ẹyẹ jẹ èso ẹ̀, wọ́n lọ yà á sínú igbó, ó wá di pé ó ń gun igi wọn pa, òun àti mọ̀lẹ́bí ẹ̀ kan tó tún ti Áfíríkà lọ, fluminense, èyí tí ewé ẹ̀ máa ń pín sí mẹ́ta. Àwọn méjèèjì ti wà lára igi tí wọ́n kà sí abàgbójẹ́ níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ilé ẹ̀ ló wà, kò lè dà bẹ́ẹ̀, àfi pé kẹ́ẹ má jẹ̀ẹ́ kó gun igi ọsàn yín. Tẹ́ẹ bá rí ìtàkùn tó jọ ọ́ lọ́nà oko, ẹ gé ẹ̀ka kékeré kan, ẹ lọ fi han àwọn ẹlẹ́wé ọmọ lọ́jà, ojú tiwọn ríran ju ti fóònù lọ.

Hóró tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó sì jẹ́ òótọ́, officinale ló sábà máa ń jẹ́, nígbà míì polyanthum. Officinale ń hù lóòótọ́, àmọ́ ibi tó tutù ló mọ́ ọn lára, láti ìhà Ìráànì lọ dé àwọn òkè Himalaya, lọ́dọ̀ wa ó lè kún fún ewé ṣáá. Polyanthum tiẹ̀ le jù ú lọ, ó fẹ́ òtútù òru fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó lè fi ọmọ òdòdó síta, ọyẹ́ Àjàṣẹ́ ò sì tutù tó bẹ́ẹ̀, ewé lẹ máa máa bomi rin. Grandiflorum ló sàn nínú wọn. Òun ni wọ́n ń gbìn ní Grasse ní ilẹ̀ Faransé fún lọ́fínńdà, àárọ̀ kùtù ni wọ́n máa ń já a, láti oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá, iṣẹ́ lọ́fínńdà Grasse yẹn náà ni àjọ UNESCO kọ sínú àkójọ ogún àṣà aráyé ní 2018. Ó gba ooru dáadáa, rẹpẹtẹ ni wọ́n ń gbìn ín ní Íńdíà. Àmọ́ ẹ̀ka náà ni wọ́n fi ń gbìn ín.

Àwọn tó ń jẹ́ jásímìn tí kì í ṣe jásímìn

Méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni Murraya, tí wọ́n ń pè ní jásímìn ọsàn. Mọ̀lẹ́bí ọsàn ni lóòótọ́, tẹ́ẹ bá fọwọ́ ra ewé ẹ̀ ẹ máa gbọ́ òórùn ọsàn. Òdòdó ẹ̀ sún mọ́ ti jásímìn débi pé Àlàájà kan ládùúgbò wa ò gbà pé kì í ṣe òun. Mo ní, "Àlàájà, ẹ má bínú, ìdílé ọsàn lèyí o." Wọ́n ní, "Ọmọ mi, fi mí sílẹ̀ jàre, ṣé imú mi ni ò gbóòórùn mọ́ ni?" Mi ò bá wọn jiyàn, torí ká sòótọ́, ẹni tó fẹ́ fi hóró bẹ̀rẹ̀ tó sì fẹ́ kó tètè yọrí, Murraya yìí máa tẹ́ ẹ lọ́rùn ju jásímìn gidi lọ. Èso ẹ̀ kéékèèké máa ń pọ́n, tẹ́ẹ bá já a, tẹ́ẹ fọ ara ẹ̀ kúrò, tẹ́ẹ gbìn ín kó tó gbẹ, á hù. Kì í fà, igi ni, ó dáa láti fi ṣe ọgbà yí ilé ká. Ẹni tó ní ọsàn lóko ni mo máa ní kó rọra, torí kòkòrò tíńtín tó ń gbé àrùn ọsàn kiri láwọn ìlú kan fẹ́ràn láti gbé lára ẹ̀.

Ìkejì ni Cestrum, tí wọ́n ń pè ní jásímìn alẹ́, àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é ní dame de nuit. Ìdílé ata àti tòmátì ló ti wá. Hóró ẹ̀ kì í ṣòro, ẹ̀ka ẹ̀ náà kì í ṣòro. Lọ́sàn-án ẹ ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ilẹ̀ ṣú tán, òórùn ẹ̀ á gba gbogbo àdúgbò débi pé á máa fọ́ ẹlòmíì lórí. Èso ẹ̀ funfun, májèlé ni, ewé ẹ̀ náà ò ṣé jẹ. Ilé tí ọmọ ń rá, tàbí tí ewúrẹ́ ń jẹ̀ káàkiri, ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ aládùúgbò, kẹ́ẹ máa gbádùn òórùn ẹ̀ láti ibẹ̀.

Ká wá fi hóró àti ẹ̀ka wéra

Àsìkò ńkọ́? Hóró jásímìn kì í kánjú, ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè lo oṣù méjì kó tó yọrí, tó bá sì yọrí tán ẹ ṣì máa dúró bí ọdún méjì sí mẹ́ta, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ, kẹ́ẹ tó rí òdòdó. Ẹ̀ka máa ń ta gbòǹgbò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kí ọdún tó yí po ó lè ti máa tanná. Ẹ̀ka yẹn kì í ṣe ọmọdé mọ́, ara àgbà ló ti wá, ẹsẹ̀ tó máa fi dúró ló ń wá.

Jíjọ ìyá ńkọ́? Ẹ̀ka tẹ́ẹ gé, ìyá ẹ̀ gan-an ni, bí òdòdó ìyá ṣe rí ni tiẹ̀ ṣe máa rí. Hóró ní ìyá, ó ní bàbá, ẹ̀yin ò sì mọ bàbá ẹ̀. Òórùn ẹ̀ lè dín, òdòdó ẹ̀ lè kéré, ó sì lè dáa ju ti ìyá lọ. Àwọn kan fẹ́ràn irú ìyẹn. Èmi, tó bá jẹ́ pé torí òórùn kan tí mo ti gbọ́ ni mo ṣe fẹ́ ẹ, ẹ̀ka ni màá tọrọ.

Owó? Ẹ̀ka, ọ̀fẹ́ ni, tẹ́ẹ bá ti mọ ẹni tó ní in, kẹ́ẹ lọ kí wọn dáadáa. Hóró, tẹ́ẹ bá fọwọ́ ara yín já èso ẹ̀, ọ̀fẹ́ lòun náà, àti pé ó lè fún yín ní igi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ni ibi tó ti ju ẹ̀ka lọ. Ẹni tó fẹ́ fi bo ọgbà gígùn kan, hóró ló rọrùn fún.

Gbígbé rìn? Hóró, ẹ fi sínú bébà, ẹ fi sápò, ó parí. Ẹ̀ka tẹ́ẹ gé ní Kútọnu láàárọ̀, tẹ́ẹ bá jẹ́ kí oòrùn pa á lójú ọ̀nà, kẹ́ẹ tó dé Kétu ó ti rọ. Ẹ fi aṣọ tútù wé ìdí ẹ̀, kẹ́ẹ wá ki gbogbo ẹ̀ sínú sàṣẹ̀.

Tó bá jẹ́ hóró lẹ yàn

Ẹ dúró kí èso ẹ̀ dúdú kínkín. Èso jásímìn máa ń yọ ní méjì-méjì bí ìbejì lórí ìdí kan, àmọ́ ọ̀kan sábà máa ń rọ dànù tí ìkejì á máa dàgbà lọ, ẹ má rò pé àrùn ló ṣe é. Ẹ fi ìka tẹ èso yẹn nínú omi, á bẹ́, omi ẹ̀ á pa ọwọ́ yín láró, hóró inú ẹ̀ á sì bọ́ síta. Ẹ fọ̀ ọ́ títí kò fi yọ̀ mọ́ lọ́wọ́, torí ara èso tó bá ṣẹ́ kù sí i lára ló ń pe èèrà, òun náà ló ń jẹ́ kó bu kó tó hù. Ẹ sá a síbi tí afẹ́fẹ́ wà nínú ibòji, kì í ṣe inú oòrùn, kẹ́ẹ sì má fi pamọ́ pẹ́, tuntun ló ń hù jù.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ gbìn ín, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mọ́jú. Èyí tó bá léfòó sábà máa ń ṣófo nínú.

Iyẹ̀pẹ̀ ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Ilẹ̀ pupa tiwa ní Àjàṣẹ́ àti Kétu, àgbàdo fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ tẹ́ẹ bá dá òun nìkan sínú ike ó máa dì gan-an, omi ò ní ríbi gbà, gbòǹgbò ò ní ríbi mí. Ẹ pò ó mọ́ yanrìn (kì í ṣe ti etí òkun, iyọ̀ wà nínú ẹ̀) àti kọ́ńpọ́sì tó ti jẹrà dénú tí kò rùn mọ́, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù á jó o. Ẹni tí ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe kọ́ńpọ́sì, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ oko Songhaï wà ní Ouando ní Àjàṣẹ́ níbí, láti 1985 ni wọ́n ti ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ oko, ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe ń sọ ìdọ̀tí di ajílẹ̀. Ìkòkò olówó gọbọi ò pọn dandan, agolo tòmátì tẹ́ẹ fi ìṣó lu ìdí ẹ̀ ti tó.

Ẹ má rì í jìn, ìdajì sẹ̀ǹtímítà sí sẹ̀ǹtímítà kan ti tó. Ẹ fi sàṣẹ̀ tó hàn kedere bò ó lórí, ẹ gbé e síbi tó mọ́lẹ̀ tí oòrùn gangan ò dé. Ooru bíi 20 sí 25 digíríì ló ń bẹ̀bẹ̀ fún, ìyẹn kì í wọ́n wa, ohun tó ń pa á lọ́dọ̀ wa ni pé ó máa ń sè nínú sàṣẹ̀ yẹn lọ́sàn-án, torí náà ẹ máa ṣí i fún afẹ́fẹ́, ẹ má sì gbé e sórí símẹ́ǹtì tí oòrùn ń ràn mọ́.

Nígbà tó bá hù tán ni ẹjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ ẹ máa rí i tó dúró ṣánṣán, láàárọ̀ ẹ máa bá a tó nà gbalaja sílẹ̀, ewé ẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀ àmọ́ ìdí ẹ̀ ti tín-ín-rín, ó ti dúdú níbi tó ti kan iyẹ̀pẹ̀. Òǹgbẹ kọ́ o! Omi ló pọ̀ jù, tí afẹ́fẹ́ ò sì tó, tẹ́ẹ bá tún wá bomi sí i ẹ ti pa ìyókù nìyẹn. Ẹ yọ èyí tó ti ṣubú dànù, ẹ ṣí sàṣẹ̀ kúrò, láti ọjọ́ yẹn lọ ẹ máa fún un lómi láti ìsàlẹ̀: ẹ gbé agolo yẹn sínú àwo omi, kó fi ìdí mu ún, tẹ́ẹ bá ti rí i pé ojú iyẹ̀pẹ̀ tutù kẹ́ẹ gbé e kúrò. Tó bá ti ní ewé bí ìpele mẹ́ta, ẹ lọ gbìn ín sínú ike ńlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Tó bá jẹ́ ẹ̀ka

Èyí ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀ka tẹ́ẹ fẹ́ kì í ṣe èyí tó rọ̀ jọ̀ọ̀lọ̀ lórí, kì í ṣe èyí tó ti di igi, àárín méjèèjì ni. Ẹ gé e ní 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà, kí abẹ gba abẹ́ oríkèé gan-an, torí ibẹ̀ ni gbòǹgbò máa ń gbà yọ. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀, ẹ gé ewé òkè sí ìdajì, tó bá ní òdòdó lórí ẹ já a dànù, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó dùn yín. Ẹ ki ìdí ẹ̀ bọ inú yanrìn tẹ́ẹ pò mọ́ kọ́ńpọ́sì díẹ̀, ẹ gé ìdí ike omi kan kúrò kẹ́ẹ fi dé e, inú ibòji. Ẹ má máa fà á wò bóyá ó ti ta gbòǹgbò, tó bá ta ewé tuntun á sọ fún yín.

Ọ̀nà kẹta wà tí mo fẹ́ràn ju ẹ̀ka gígé lọ fún Grand Duke tó ń ṣagídí yẹn: kẹ́ẹ sin ẹ̀ka láì gé e. Ẹ fa ẹ̀ka gígùn kan wálẹ̀, ẹ fi abẹ ha abẹ́ ẹ̀ níbi tó ti máa kan ilẹ̀, ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́, ẹ bo iyẹ̀pẹ̀ lé e, kí orí ẹ̀ wà níta. Ìyá ẹ̀ ṣì ń bọ́ ọ, kí ló máa pa á? Tó bá ti tó oṣù méjì sí mẹ́ta, ẹ tú u wò, tó bá ti ní gbòǹgbò ẹ gé e kúrò lára ìyá.

Tó bá jẹ́ kẹ́ẹ ra èyí tó ti hù

Ẹ má lọ rà á lọ́sàn-án gangan. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ẹ lọ bá àwọn tó ń ta igi òdòdó lẹ́bàá títì, nígbà tí òdòdó bá ti ń là, kí imú yín jẹ́rìí. Ẹ ra ewé ẹ̀ lọ́wọ́, tó bá rùn bí ọsàn, Murraya ni. Ẹ yí ewé ẹ̀ pa dà wo ẹ̀yìn, tí nǹkan funfun bí òwú bá wà níbẹ̀, kòkòrò ni, ẹ mú òmíì. Tẹ́ẹ bá máa fi sémìjàn (ọ̀kadà) gbé e lọ sílé, ẹ fi sàṣẹ̀ ńlá bò ó, afẹ́fẹ́ ọ̀nà yẹn ń ya ewé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti ẹ̀ka gígé ò ju owó àti sùúrù lọ.

Ìgbà wo, níbo?

Àjàṣẹ́ rọrùn fún ẹ̀ka, ọ̀sà wà nítòsí, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lọ́rinrin, òjò ń rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, láti nǹkan bí oṣù kẹrin sí ìkeje, á tún padà wá ní ìkẹsàn-án. Hóró ni òjò yẹn máa ń dà láàmú, ẹ gbé e sábẹ́ òrùlé. Kétu fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ gbẹ ju Àjàṣẹ́ lọ, kẹ́ẹ máa ṣọ́ omi. Sábẹ̀ẹ́ (Savè) ni nǹkan ti yàtọ̀. Òjò ibẹ̀ ń lọ láti bí oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹwàá, tó bá ti dá, ọyẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ kì í ṣe ti wa níbí o, àwọn àpáta tó wà níbẹ̀ náà á tún máa ru ooru jáde lọ́sàn-án. Ẹni tó bá gé ẹ̀ka ní Sábẹ̀ẹ́ ní oṣù kọkànlá ń wá iṣẹ́ fún ara ẹ̀ ni. Ẹ gé e ní oṣù kẹfà, kí gbòǹgbò ẹ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé, tí ọyẹ́ bá dé ẹ gbé e sábẹ́ igi máńgòrò, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí ẹ̀, kẹ́ẹ máa bomi sí i láàárọ̀.

Àwọn tí igi tiwọn ti dàgbà tí kò tanná, tí wọ́n ń rò pé torí ó wá látinú hóró ni: nígbà míì àsìkò ẹ̀ ni ò tíì tó, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà inú ibòji ló wà, tàbí ajílẹ̀ adìyẹ ló pọ̀ jù lábẹ́ ẹ̀, ó ń fi gbogbo okun ẹ̀ ṣe ewé. Ẹ gbé e síbi tí oòrùn ti ń kàn án bíi wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ẹ jáwọ́ nínú ajílẹ̀ yẹn fúngbà díẹ̀, tó bá sì jẹ́ sambac, ẹ rẹ́ àwọn ẹ̀ka tó ti gùn jù kúrò, torí orí ẹ̀ka tuntun ló ti ń tanná.